ÌTỌ́JÚ OJÚ FÈRÈSÉ NÍ ÀKÓKÒ ỌYẸ́

Láti Oṣù Kejìlá títí dé Oṣù Kejì, ọyẹ́ a máa gbé eruku kíkúnná wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti ilẹ̀ kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, a sì dà á sórí ilé wa ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Eruku pupa ojú ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí a sì bá a kẹ́gbẹ́. Ojú fèrèsé ni méjèèjì kọ́kọ́ ń bà sí: lára kọ́tìnì, lára nẹ́ẹ̀tì, àti lára bíláìńdì, èyí tí í ṣe ìbòjú alábala tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi okùn fà sókè.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni í mú ìgbálẹ̀ gbígbẹ na nǹkan wọ̀nyí nínú yàrá. Eruku náà kì í jáde; ńṣe ni ó ń fò sókè, tí ó sì ń padà bà lé ẹní, omi mímu, àti inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée yóò mọ̀ ọ́n lára kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, omi ni kí a fi mú eruku. Kànga a máa fà ní ẹ̀ẹ̀rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n garawa omi kan, bí a bá lò ó létòlétò, lè ṣe púpọ̀.

Ní òwúrọ̀, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ bo oúnjẹ, kí ẹ sì fi aṣọ di imú. Ẹ pa abala bíláìńdì dé, ẹ fi àkísà tútù tí a fún dáradára nù ún láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì yí i padà láti nu ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ onígi, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó má baà ká kò. Ẹ so okùn rẹ̀ sókè réré, nítorí ó lè fún ọmọdé lọ́rùn pa.

Ẹ tú kọ́tìnì, ẹ gbọ̀n ọ́n lóde jìnnà sí ilé, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ, irú Ìbàdàndùn tí a ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí lára, ẹ fi omi tútù fọ òun nìkan, kí ẹ sì sá a sí ibòji, nítorí aró a máa ṣí.

Nẹ́ẹ̀tì ni ó kẹ́yìn, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Nẹ́ẹ̀tì tí eruku dí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ooru a mú onílé, a ṣí i sílẹ̀ ní òru, ẹ̀fọn a sì gbé ibà wọlé. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rí ihò lára rẹ̀, ẹ rán an ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ máa nu fèrèsé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Omi tí ó bá ṣẹ́kù tí kò ní ọṣẹ, ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.