West Coast Trail: ọ̀nà àpáta etíkun tí òkun ń pín àkókò rẹ̀

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 75, tí àwọn tó ń rìn ín sì sábà máa ń lo ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. West Coast Trail ni wọ́n ń pè é. Ó gba etí erékùṣù Vancouver kọjá, láti Pachena Bay ní àríwá títí dé odò Gordon, lẹ́bàá ìlú kékeré Port Renfrew, ní gúúsù. Ibì kan jẹ́ iyanrìn tó tẹ́jú, ibì kan jẹ́ igbó tó kún fún ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò igi, ibòmíràn sì jẹ́ àpáta gbalaja tí ìgbì òkun Pàsífíìkì ń lù tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá fi ojú títì ọlọ́dà wo kìlómítà 75 yìí ti ṣi ìṣirò ṣe kó tó gbéra, nítorí àwọn ibì kan wà lójú ọ̀nà náà tí ẹsẹ̀ kò lè kọjá àfi tí òkun bá yọ̀ǹda.

Wọn kò la ọ̀nà yìí fún ìgbafẹ́. Àwọn ẹ̀yà Huu-ay-aht, Ditidaht àti Pacheedaht ló ni etíkun náà láti ayébáyé. Ní nǹkan bí ọdún 1890, wọ́n ta wáyà tẹligíráàfù gba inú igbó ibẹ̀. Lóru January 22, 1906, ọkọ̀ ojú omi Valencia, tó ń ti San Francisco bọ̀ wá sí Victoria, ṣìnà nínú ojú ọjọ́ tó burú, ó sì forí sọ àpáta nítòsí Pachena Point. Àwọn èrò inú rẹ̀ ń wo ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n ògiri àpáta ni etí omi níbẹ̀, ìgbì kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn sún mọ́ wọn. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí obìnrin tàbí ọmọdé kan tó yè é. Lẹ́yìn àjálù yìí ni ìjọba tún ọ̀nà wáyà náà ṣe, kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fọ́ lè rí ibi fẹsẹ̀ gbà jáde, kí àwọn olùgbàlà sì lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lónìí, àjọ Parks Canada àti àwọn ẹ̀yà mẹ́ta náà ló ń bójú tó o. Láti May sí September ni wọ́n máa ń ṣí i, ẹni tó bá sì fẹ́ rìn ín gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sì jókòó gbọ́ ìlànà kó tó bọ́ sọ́nà.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ ni bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà. Agbára òṣùpá ló ń fa omi náà jù, oòrùn náà sì ń lọ́wọ́ sí i. Láàárín nǹkan bí wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, òkun ibẹ̀ máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì. Àlékún ìṣẹ́jú 50 yẹn ló fà á tí òkun kì í kún ní aago kan náà lónìí àti lọ́la. Kíkún àkọ́kọ́ àti èkejì kì í sì í dọ́gba. Nígbà tí òṣùpá bá lé, àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, omi á kún jù, á sì fà jù; ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì lè ju mítà 3 lọ. Gbogbo èyí wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń ka àkókò òkun, èyí tí wọ́n ṣírò fún ìlú Tofino tó wà lókè etíkun kan náà. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ nínú kíkà á: aago tí wọn kì í yí ni ìwé náà sábà máa ń lò, nígbà tí aago ọwọ́ èèyàn ti sún síwájú ní wákàtí kan nítorí ìgbà ooru. Ẹni tí kò bá fi wákàtí yẹn kún un á ṣi gbogbo àkókò tó kà sínú ìwé náà lò.

Owen Point, ní kìlómítà 67 láti Pachena Bay, ni ibi tí àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti máa ń hàn kedere. Òkun ti gbẹ́ ihò ńláńlá sínú àpáta ibẹ̀. Tí omi bá wà nísàlẹ̀ mítà 1.8 nínú ìwé náà, èèyàn lè gba inú ihò náà kọjá lẹ́sẹ̀. Tí omi bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ọ̀nà níbẹ̀ mọ́. Àwọn òkúta ńlá tó wà láàárín Owen Point àti Thrasher Cove kò sì ṣeé sáré lé. Nítorí náà, ìgbà tí omi ṣì ń fà ló yẹ kéèyàn ti bọ́ sórí wọn, kó má baà jẹ́ pé ìgbà tó dé àárín ni omi ń padà bọ̀. Àwọn tóóró jíjìn tún wà tí ìgbì ti là sínú àpáta, tí omi ń rọ́ wọ̀ tó sì ń rọ́ jáde pẹ̀lú agbára. Wọn kì í fẹ̀ púpọ̀, débi tí ẹni tó rẹ̀ á fi rò pé òun lè fò wọ́n. Ó sàn kéèyàn wá ojú ọ̀nà tó gba inú igbó, bó tilẹ̀ jìnnà.

Béárì, ìkokò àti kúgà wà nínú igbó náà, àwọn ni èèyàn sì máa ń sọ̀rọ̀ nípa wọn jù. Wọ́n yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún, inú àpótí irin ni wọ́n sì ń kó oúnjẹ sí lálẹ́ nítorí wọn, ṣùgbọ́n yíyọ̀ ṣubú ló ń ṣe àwọn arìnrìn-àjò léṣe jù. Àpáta tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ibi tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarahun funfun bá lẹ̀ mọ́ ló ń di bàtà mú, àmọ́ karahun náà mú débi pé ó lè ya àtẹ́lẹwọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń wọ ìbọ̀wọ́. Pákó afárá àti ìtì igi tí òjò ti pa kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjò ibẹ̀ sì ju mítà 3 lọ lọ́dún.

Àkàbà igi tó wà lójú ọ̀nà náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan ló yẹ kó wà lórí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kó kọjú sí i, kí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan sì máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Lórí àwọn odò kan, àpótí irin tí wọ́n so kọ́ wáyà ni wọ́n fi ń kọjá, èèyàn méjì àti ẹrù wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìka ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àgbá kékeré tí okùn ń yí lé. Níbi tí wọ́n bá ti ń fẹsẹ̀ wọ́ odò, wọ́n á kọ́kọ́ tú bẹ́líìtì àpò ẹ̀yìn, kí àpò má baà tẹ ẹni tó bá ṣubú mọ́lẹ̀ sínú omi.

Gúúsù, láti odò Gordon dé Walbran Creek, ló le jù. Ẹni tó bá ti gúúsù bẹ̀rẹ̀ á bá ìnira náà pàdé nígbà tí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún ẹni tí kò rìn ín rí, kó ti àríwá bẹ̀rẹ̀ ló bọ́gbọ́n mu jù, kí ara ti mọ́ ọn kí àpò sì ti fúyẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Tó bá di alẹ́, ìlà ewé òkun tútù ló ń fi ibi tí omi dé kẹ́yìn hàn, òkè rẹ̀ dáadáa ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ tún lè mì. Ní January 26, 1700, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá kan ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun yìí, ìgbì rẹ̀ sì dé Japan, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì gidi, kí èèyàn fi ẹrù sílẹ̀ kó sì gun òkè lójú ẹsẹ̀. Àmì wà tó ń júwe ọ̀nà.

Fóònù alágbèéká kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà náà, fóònù sátẹ́láìtì ló ṣeé gbára lé. Ẹni tí àárẹ̀ bá mú lè wọ ọkọ̀ ojú omi jáde ní Nitinat Narrows, ní nǹkan bí kìlómítà 32. Ẹni tó bá kán lẹ́sẹ̀ níbòmíràn á dúró de ọkọ̀ ojú omi tàbí hẹlikópítà Parks Canada, èyí tí ìgbì tàbí kùrukùru lè dá dúró di ọjọ́ kejì. Nítorí náà ni wọ́n fi ń sọ pé kí oúnjẹ ọjọ́ kan àti aṣọ gbígbẹ máa ṣẹ́ kù nínú àpò títí dé ìparí ìrìn.