Yíyan Amóhùnkẹ̀ Fẹ́ẹ́rẹ́ fún Gìtá Béèsì, àti Orúkọ tí Ó Yẹ Kí Á Fún Un

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé lórí ohun èlò kékeré kan tí àwọn onígìtá béèsì máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti mú kí ohùn gìtá náà kẹ̀ díẹ̀. Òfádíráìfù ni àwọn olórin Òṣogbo àti Iléṣà ń pè é. Àpótí náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní pẹ́dà. Ìbéèrè méjì ni a ní láti dáhùn nípa rẹ̀: irú èyí wo ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń ta béèsì yàn, àti pé kí ni kí á máa pè é ní èdè Yorùbá? Ẹnìkan lè rò pé ìbéèrè kejì kò kan ti àkọ́kọ́. Ó kàn án púpọ̀. Nígbà tí orúkọ bá ṣi ni lọ́nà, ọjà tí a ó rà kò ní í bá iṣẹ́ mu.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí atúmọ̀ lẹ́nu ni ìbàjẹ́ ohùn. Kò ṣòro láti mọ ibi tí ó ti wá. Lójú onímọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí ó yẹ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde ni pé kí ó dá ohun tí a fún un padà bí ó ti rí. Bí èyí tí ó jáde bá yàtọ̀ sí èyí tí ó wọlé, a jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lójú olórin ńkọ́? Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ó ń wá kiri, òun ni ó sì ń náwó lé lórí. Bí a bá wá pe ọjà yìí ní abohùnjẹ́, ọ̀nà méjì péré ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀: kí ó sá fún un pátápátá, tàbí kí ó ra èyí tí ó ń ba ohùn jẹ́ jù lọ, nítorí pé ó gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ náà kò fi àyè sílẹ̀ fún díẹ̀, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni béèsì ń fẹ́.

Àwọn onílù wa ti mọ ọ̀ràn yìí kí iná mànàmáná tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo ìyáàlù dùndún: a so ṣaworo mọ́ ọn létí awọ, kí ìró rẹ̀ má baà jáde ní gbẹrẹfu. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ṣaworo ba ohùn ìyáàlù jẹ́. Ní ti bàtá, òdìkejì èyí ni a ń ṣe: ìda ni a ń lẹ̀ mọ́ ojú ńlá ìyáàlù bàtá láti dín àwọn ìró wẹ́ẹ́rẹ́ tí ń bá ohùn rẹ̀ jáde kù. Ẹni tí ó so ṣaworo ń fi kún un. Ẹni tí ó lẹ ìda ń yọ níbẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ni a ó bá nínú àpótí tí à ń wí yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dáyóòdù àti tìràǹsísítọ̀ ni ó ń ṣe é níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti ń ṣe é. Ìgbì ohùn tí ó ti inú gìtá jáde a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àpótí náà a kọ́kọ́ sọ ìgbì yìí di ńlá. Ṣùgbọ́n àjà wà tí ìgbì náà kò lè kọjá. Bí orí rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ àjà yìí, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí róbótó, a ní ìrẹ́lórí. Bí ó bá jẹ́ pé ó kan gba àjà lẹ́ẹ̀kan náà ni, tí orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí igi tí a fi àdá bẹ́, a ní ìbẹ́lórí. A mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ó yàtọ̀ ni. Ẹni tí ó rẹ́ irun kò bẹ́ orí. Àpótí tí ń rẹ́ ìgbì lórí ni èyí tí à ń pè ní fẹ́ẹ́rẹ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èyí tí ń bẹ́ ẹ lórí jẹ́ ẹ̀yà mìíràn.

Kí ni rírẹ́ ìgbì lórí wá ń ṣe sí etí? Ó ń bímọ. Okùn béèsì tí ó nípọn jù lọ, bí a bá ta á láìtẹ̀ ẹ́ lójú, a máa gbọ̀n ní ìgbà 41.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń kọ báyìí: 41.2 Hz. Ìró-ìyá nìyẹn. Àwọn ìró-ọmọ rẹ̀ a máa wà ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ: 82.4, 123.6, 164.8. Okùn náà fúnra rẹ̀ ní àwọn ọmọ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹ́lórí ń fún wọn ní agbára, ó sì ń bí òmíràn kún wọn. Bí a bá rẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ìgbì lọ́gbọọgba, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún àti ẹlẹ́ẹ̀keje ni yóò pọ̀ sí i. Bí a bá rẹ́ apá kan ju èkejì lọ, bí pẹ́dà Boss OD-1 ti 1977 ti ń ṣe, ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin náà a yọjú.

Ibí yìí ni èrè rẹ̀ wà fún béèsì. Sípíkà kékeré inú rédíò tàbí tẹlifóònù kò lè gbé 41 Hz jáde rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé 82, 123 àti 164 jáde, etí ènìyàn a fúnra rẹ̀ dá ìyá wọn mọ̀, a sì gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ náà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orin jùjú lórí rédíò ọlọ́wọ́, tí ó wá ń wò ó pé béèsì dà, yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Ó yẹ kí onígìtá béèsì mọ̀ pé lọ́wọ́ òun ni àwọn yòókù ti gba apá pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń gba orin Marty Robbins kan sílẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1961, ẹ̀rọ kan ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ náà yọnu, ohùn béèsì olókùn mẹ́fà tí Grady Martin ń ta sì kẹ̀ gan-an. Wọn kò pa á rẹ́. Glenn Snoddy, tí ó ń mójútó ẹ̀rọ náà, wá bí a ó ti máa ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀ bí a bá fẹ́, ibẹ̀ ni pẹ́dà Maestro Fuzz-Tone ti jáde ní 1962. Lẹ́yìn náà ni líìdì gìtá sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, àgídìgbo ni ó ń ṣe iṣẹ́ béèsì nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jùjú kí gìtá béèsì tó gbòde. I. K. Dáìró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1957, ni ó fi àkọ́díọ̀nù kún orin jùjú, ó sì lo gángan tó bẹ́ẹ̀ tí ìlù fi ń bá gìtá sọ̀rọ̀. Moses Ọláìyá, Baba Sàlá ti Iléṣà, ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni King Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ kí ó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí nínú èyí ni pé nínú orin wa, béèsì kì í dá dúró. Ó ń gbé lábẹ́ ìlù tí ń sọ̀rọ̀. Bí a bá bẹ́ ìgbì rẹ̀ lórí, àwọn ìró-ọmọ rẹ̀ yóò gòkè lọ bá gángan níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀, ènìyàn yóò gbọ́ ariwo ìlù, ṣùgbọ́n kò ní í gbọ́ ohun tí ìlù wí. Nítorí náà ni a ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ó jẹ́. Ẹni tí ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ tí kò ní ìlù tí ń sọ̀rọ̀ lè ṣe bí ó bá ti wù ú.

Ó kan yíyàn wàyí. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí á yá pẹ́dà líìdì gìtá lò fún béèsì. Ẹ jẹ́ kí á fi Ibanez Tube Screamer tí ó jáde ní 1979 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó gbajúmọ̀, àwọn tí a sì fara wé e ṣe kún ọjà. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ìró tí ó bá ga ju 720 Hz lọ gba ìmúgbòòrò ní kíkún. Bí ìró bá ti rẹlẹ̀ sí ìyẹn tó ni ìmúgbòòrò rẹ̀ ń kéré tó. Ọgbọ́n ni èyí fún líìdì gìtá, nítorí pé kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rí pọ́tọpọ̀tọ. Ṣùgbọ́n okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin béèsì, láìtẹ̀ wọ́n lójú, kò kọjá láti 41 dé 98 Hz. Ìró-ìyá wọn yóò dúró síbi tí ó wà, nígbà tí àwọn ọmọ ń dàgbà. Bí a bá sì wá dín ariwo pẹ́dà náà kù kí ó lè bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba, ìyá ni yóò kọ́kọ́ sọnù. A ó máa gbọ́ pé ohùn kẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti yọ kúrò lábẹ́ orin.

Ohun tí ó ń wo àrùn yìí sàn ni bọ́tìnnì ìdàpọ̀. Inú pẹ́dà tí ó ní in, ohùn pín sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan ń lọ gba ìrẹ́lórí, èkejì ń kọjá bí ó ti wá, a ó sì dà wọ́n pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ní ìwọ̀n tí a bá fẹ́. SansAmp Bass Driver DI ní in, Boss ODB-3 náà ní in. Bí owó bá mọ níwọ̀n, bọ́tìnnì yìí ni kí á kọ́kọ́ wá kí á tó máa béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é.

Nígbà tí a bá dé ṣọ́ọ̀bù, kí á má ṣe ta orin kíákíá láti fi dán an wò. Kí á ta okùn tí ó nípọn jù lọ, kí ohùn rẹ̀ dún títí yóò fi kú, pẹ́dà ní pípa àti ní títàn. Kí á yí bọ́tìnnì agbára dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ohùn bá ṣì kẹ̀ gan-an níbẹ̀, a ti mọ̀ pé pẹ́dà náà kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, títa jẹ́jẹ́ yóò mú ohùn tí ó mọ́ wá, títa kíkan yóò mú èyí tí ó kẹ̀ wá, láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Lẹ́yìn èyí, kí á ta ìró méjì pọ̀, 41.2 àti 61.7 Hz. Gbogbo amóhùnkẹ̀ ni yóò bí ìró kẹta tí ẹnikẹ́ni kò ta, ní nǹkan bíi 20 Hz, tí í ṣe ìyàtọ̀ àárín wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù yóò sọ gbogbo rẹ̀ di rúdurùdu.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ibi tí wáyà ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wáyà béèsì ti ara pẹ́dà bọ́ sínú mísà tààrà, kò gba inú sípíkà béèsì kọjá. Sípíkà béèsì a máa gé ìró tí ó ga púpọ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bí ìda ti ń ṣe fún bàtá. Níbi tí kò bá sí, pẹ́dà tí ó dùn ní ṣọ́ọ̀bù yóò máa ta ni létí bí agbọ́n. Ẹni tí ó bá ń ta irú ibẹ̀ nílò pẹ́dà tí ó ní iṣẹ́ sípíkà nínú. Ní ti iná, fóòtì 9 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ṣùgbọ́n ẹnu àdápútọ̀ yàtọ̀ síra: ti àwọn dùùrù kan, àárín rẹ̀ ni iná wà, ti púpọ̀ nínú àwọn pẹ́dà, ẹ̀gbẹ́ ni. Kí á wo àwòrán tí ó wà lára méjèèjì kí á tó kì í bọ̀ ọ́.

Ó wá ku orúkọ. Àbá wa ni amóhùnkẹ̀: a + mú + ohùn + kẹ̀. Kẹ̀ kò lè gba àbọ̀, nítorí náà ni a kò ṣe lè sọ pé *akẹ̀hùn. Mú ni ó gbà á là, bí a ti ní amóhùnmáwòrán. Àwọn kan yóò rán wa létí pé egbò pẹ̀lú a máa kẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó kẹ̀ ṣì jẹ́ ohùn, a ń fi kọrin, ọ̀pọ̀ akọrin ni a sì fẹ́ràn nítorí rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ó ṣeé díwọ̀n: ohùn lè kẹ̀ díẹ̀, ó lè kẹ̀ gan-an. Èyí tí ń bẹ́ ìgbì lórí ni a lè máa pè ní amóhùnfọ́. Ní ti pẹ́dà, a kò rí ìdí tí a ó fi wá òmíràn fún un, àfi pé kí olùkọ́ ṣe àlàyé bí ó bá ń lò ó: pẹ́dà kẹ̀kẹ́ wà, pẹ́dà dùùrù wà, ti gìtá onírin tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ta nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé sì tún jẹ́ òmíràn, tí kì í mú ohùn kẹ̀ rárá.