Julius Watkins àti Ìwo Faransé

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti dúró rí ní ìkóríta ńlá Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Benin, yóò jẹ́rìí pé fèrè ọkọ̀ kì í dákẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Horn ni Òyìnbó ń pe fèrè ọkọ̀; orúkọ kan náà ni wọ́n sì fún ohun èlò orin kan tí ohùn rẹ̀ tutù jọjọ, èyí tí púpọ̀ nínú wa kò tíì fi ojú rí. A fẹ́ sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, àti nípa aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ fún un.

Ìwo Faransé, bí a ó ti máa pè é níhìn-ín, jẹ́ ọ̀pá idẹ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, tí a ká bí ìkarahun ìgbín, tí ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò. Ọwọ́ òsì ni a fi ń tẹ ohun tí ń yí ohùn padà. Ọwọ́ ọ̀tún a wà nínú ẹnu ìwo náà, a sì máa mú ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹ̀yìn ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí, kì í ṣe iwájú bí ti trumpet àwọn ọmọ Boys' Brigade. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn ohùn òkè rẹ̀ sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ètè bá yẹ̀ díẹ̀, ohùn tí a kò pè ni yóò jẹ́ wa. Orin jáàsì a sì máa sáré, ẹni tí ń fọn ọ́n a sì máa dá orin lójú ẹsẹ̀ láìwo ìwé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi gbà pé ìwo yìí kò lè bá a mu.

Ní ìlú Detroit ni a bí Julius Watkins, ní ọjọ́ 10 oṣù October, 1921. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìwo náà. Ibi tí a ti ń lò ó jù lọ nígbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá tí ń ti inú ìwé ṣe orin. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá mọ́ aláwọ̀ dúdú, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n fọn tó. Kí ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Trumpet ni Watkins ń fọn nínú ẹgbẹ́ Ernie Fields láti 1943 títí di 1946. Kò jọ wá lójú pé ó rọrùn fún ẹni tí ó fẹ́ràn ohun kan láti máa fi òmíràn jẹun. Lẹ́yìn náà ó lo ọdún 3 ní Manhattan School of Music ní New York, ó sì padà sídìí ìwo rẹ̀.

Ní 1953 ó bá Thelonious Monk àti Sonny Rollins ṣe àwo; ní 1954 òun tìkára rẹ̀ di olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà tí ó ṣe àwo fún Blue Note. Láti 1956 títí di 1959, òun àti Charlie Rouse, afọn-saxophone, jọ darí ẹgbẹ́ Les Jazz Modes. Níhìn-ín ìwo náà kò tún jókòó sí ẹ̀yìn mọ́ láti máa gbe orin ẹlòmíràn. Òun gan-an ni ó ń dá orin.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù kò ì tíì dé. Ní November 1960, oṣù kan lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, Randy Weston kó àwọn olórin jọ ní New York láti ṣe àwo Uhuru Afrika, èyí tí í ṣe Òmìnira Áfíríkà. Watkins fọn ìwo níbẹ̀. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídó nítòsí Àgbádárìgì, sì lu ìlù. Ní 1963 Weston tún ṣe àwo mìíràn lórí orin highlife, Watkins sì tún wà láàrin àwọn tí ó fọn idẹ. Nínú àwo yìí ni "Niger Mambo" wà, orin tí Bobby Benson ọmọ Ìkòròdú dá. Ẹni tí ó bá yà kúrò ní ìkóríta wa wọ inú Ṣàgámù, tí ó sì tọ ọ̀nà gúúsù, Ìkòròdú náà ni yóò bọ́ sí.

Watkins kú ní ọjọ́ 4 oṣù April, 1977, ní ọmọ ọdún 55. Bí àwo 1963 yẹn bá bọ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ó fetí sílẹ̀ láàrin ariwo trumpet àti trombone, kí ó wá ohùn idẹ kan tí ó rọ̀ ju àwọn yòókù lọ.