Ògbólógbòó Kombi Gẹ́gẹ́ bí Ọkọ̀ Ìdílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rí. Owó tí ènìyàn fi ra ọkọ̀ ni a ń kà lójú ọjà. Owó tí yóò fi máa bọ́ ọ kò hàn títí ọkọ̀ yóò fi délé. Ó yẹ kí olórí ìdílé tí ó bá fẹ́ ra ògbólógbòó Volkswagen Kombi, nítorí pé kò wọ́n tí ó sì gba èrò, kọ́kọ́ ṣe ìṣirò.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni Kombi láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ben Pon, oníṣòwò ará Họ́láǹdì, ni ó ya àwòrán rẹ̀ ní 1947; ní 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Jámánì. Ní Bràsíìlì, wọn kò dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di 2013. Ní Èkó, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí dánfó. Bí àpótí ni inú rẹ̀ rí: bí a bá yọ àga ẹ̀yìn kúrò, iṣu àti ìrẹsì wọlé; bí a bá dá a padà, àwọn ọmọ jókòó.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú, kì í ṣe omi. Nítorí náà, kò ní ràdíétọ̀ tí yóò jò, kò sì sí omi tí yóò hó lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń bá afẹ́fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìtutù náà. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní bíi 5,000 kìlómítà, tàbí tí ó ń wa ọkọ̀ lọ nígbà tí bẹ́líìtì fáànù ti já, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ẹ́ńjìnnì ni.

Epo bẹntiróòlù ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Kombi lè mu bíi lítà 12 ní 100 kìlómítà. Ọkọ̀ kékeré lè mu bíi 7. Bí olùkọ́ kan bá ń rin 40 kìlómítà lóòjọ́ fún ọjọ́ 25, 1,000 kìlómítà ni lóṣù. Kombi yóò mu lítà 120, ọkọ̀ kékeré yóò mu 70. Ìyàtọ̀ lítà 50 yìí kò tó 10,000 náírà nígbà tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan kò tíì pé 200 náírà. Lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ orí epo dópin ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan sì kọjá 500, ó di ohun tí ó lé ní 25,000. Owó ilé-ìwé ọmọ lè ti ibẹ̀ jò dànù.

Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà, aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà bá jọ ń jáde láràárọ̀ ńkọ́? Kombi gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ kékeré yóò lọ lẹ́ẹ̀mejì, lítà 140 ni yóò sì mu, ó kéré tán. Ó ti wá ju ti Kombi lọ. Àga òfo ni ó ń jẹ owó. Kombi tí ó kún kò wọ́n. Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé kiri ni ó wọ́n.

Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà tún ní ewu tirẹ̀. Irin rẹ̀ máa ń dípẹtà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Rọ́bà tí epo ń gbà kọjá máa ń gbẹ, ó sì ń là. Bí epo bá kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná dé. Iwájú gan-an ni ẹsẹ̀ awakọ̀ wà, kò sí ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀ tí yóò gba ìkọlù. Nítorí náà, bíréèkì, táyà àti rọ́bà epo kì í ṣe ohun tí a ń sún di oṣù tí ń bọ̀.

Kí olórí ìdílé tó sanwó, kí ó ka iye orí tí yóò máa wọ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́, kí ó wá mẹkáníìkì tí ó mọ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kí ó sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Bí mẹ́ta yìí bá pé, ògbólógbòó Kombi yóò sin ilé. Bí wọn kò bá pé, ilé ni yóò máa sin Kombi.