Owó Tí A Fi Tún Ilé Àtijọ́ Ṣe Lẹ́yìn Ìkún-omi: Àpẹẹrẹ Venice àti Florence

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìbàdàn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tí ìkún-omi lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó sì gbé ọjà lọ. Omíyalé, agbára ya ṣọ́ọ̀bù, ni àwọn ará ìlú ń pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, ẹni tí ó kú àti ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn ni a kọ́kọ́ ń rò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń bọ̀ lẹ́yìn tí a kì í sábà dáhùn: ta ni yóò san owó àtúnṣe ilé àtijọ́, èyí tí ó jẹ́ ìwé ìtàn fún gbogbo ìlú, tí àpò ẹnì kan kò sì tó láti tún un ṣe? Ìlú méjì ní ilẹ̀ Ítálì ti dáhùn ìbéèrè yìí, ó sì yẹ kí àwa pẹ̀lú gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966, ìyọnu kan náà bá ìlú méjèèjì. Ní Venice, tí a kọ́ sí àárín ọ̀sà gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ apá kan ìlú Èkó, omi òkun ga tó 194 sẹ̀ǹtímítà ju ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ. Ní Florence, odò Arno ya wọ ìgboro. Ènìyàn kú níbẹ̀. Ẹrẹ̀ àti epo ìdáná tí ó tú jáde láti inú àwọn àgbá dàpọ̀ mọ́ omi, wọ́n sì wọ inú àwọn ilé ìsìn àti ilé ìkàwé ńlá ti orílẹ̀-èdè, níbi tí ìwé tí ó ju 1,000,000 lọ ti bàjẹ́. Nínú ilé ìsìn Santa Croce, agbélébùú ńlá tí Cimabue kùn ní ọ̀rúndún kẹtàlá pàdánù ju ìdajì ọ̀dà rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá, wọ́n ń fi ọwọ́ gbé ìwé kúrò nínú ẹrẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń pè wọ́n ní áńgẹ́lì inú ẹrẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí irú àtúnṣe yìí fi ń gba owó púpọ̀. Omi a máa fà, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kì í bá a lọ. Bíríkì a máa mu omi òkun bí kànìnkànìn. Nígbà tí ó bá gbẹ, iyọ̀ a dì sínú rẹ̀, a sì máa fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Nítorí náà ẹni tí ó bá kàn rẹ́ ògiri náà, tí ó sì kùn ún ní ọ̀dà, ń fi aṣọ bo egbò ni. Nígbà tí wọ́n tún ilé ìsìn Santa Maria dei Miracoli ní Venice ṣe láàárín ọdún 1987 sí 1997, wọ́n rí i pé iyọ̀ inú àwọn òkúta mábù tí ó bo ara rẹ̀ tó ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní láti tú òkúta wọnnì kúrò, kí wọ́n rẹ wọ́n sínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá, kí wọ́n tó dá wọn padà. Ọdún mẹ́wàá àti nǹkan bí 4,000,000 dọ́là ni iṣẹ́ náà gbà.

Níbo ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti wá? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kìíní ni ti ìjọba: ní ọdún 1973 ìgbìmọ̀ aṣòfin Ítálì ṣe òfin pàtàkì kan fún Venice, ó sì ya owó 300 bílíọ̀nù lírà sọ́tọ̀. Ọ̀nà kejì ni ti Àjọ UNESCO, tí ó ké sí gbogbo ayé ní ìparí ọdún 1966. Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn ẹgbẹ́ tí ènìyàn lásán dá sílẹ̀, ìyẹn ni ó sì yẹ kí a kíyè sí jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sir Ashley Clarke, tí ó ti jẹ́ ikọ̀ ìjọba rẹ̀ ní Ítálì rí, kó àwọn ènìyàn jọ. Ẹgbẹ́ náà ni ó di Venice in Peril ní ọdún 1971. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni ilé ìsìn Madonna dell'Orto. Àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àní àwọn ilé oúnjẹ PizzaExpress ti yọ owó kékeré kan sọ́tọ̀ rí fún iṣẹ́ náà lórí oríṣi pízà kan tí wọ́n tà. Báyìí ni ẹni tí kò lè fi ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fi kọ́bọ̀ rẹ̀ kún un. Ẹgbẹ́ tí ó ju 50 lọ ni ó dìde, wọ́n sì ti tún ilé tí ó ju 100 lọ ṣe.

Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ti ṣe é. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ilé kan tàbí àwòrán kan, ó sì dúró tì í títí ó fi parí. Ẹni tí ó dá owó lè lọ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí owó rẹ̀ ṣe. Ó jọ àpótí ti Jèhóáṣì ọba: nígbà tí owó ń gba ọwọ́ àwọn àlùfáà nìkan, tẹ́ḿpìlì wà láìtúnṣe títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, nígbà tí a gbé àpótí kalẹ̀, tí akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà jùmọ̀ ń ka owó rẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba Ítálì ń ṣe àwọn ẹnubodè ńlá tí yóò dí òkun mọ́ ìta ọ̀sà Venice, owó tí ó ju bílíọ̀nù márùn-ún yúrò lọ ni ó wọlé sínú rẹ̀. Ní ọdún 2014 ni a sì mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, aláṣẹ àti agbaṣẹ́ṣe, nítorí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí àwọn ẹnubodè náà tó ṣiṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020, omi tí ó ga tó 187 sẹ̀ǹtímítà ti tún wọ ìlú ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó sì dé inú ilé ìsìn Máàkù Mímọ́.

Ẹnì kan lè wí pé, nígbà tí ebi ń pa ènìyàn, èéṣe tí a fi ń náwó sórí òkúta? Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ láti fi ra òkúta mábù. Ṣùgbọ́n ilé tí ó wó lónìí kò ní dúró de ìgbà tí àyè bá gbà wá. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Vasari kùn, tí omi bò ní Santa Croce ní ọdún 1966, kò padà sí ipò rẹ̀ títí di ọdún 2016. Bí kò bá sí ẹni tí ó fi pamọ́ fún àádọ́ta ọdún, kì bá ti sí ohun tí owó ì bá tún ṣe.

Ní ilẹ̀ wa, amọ̀ ni a fi mọ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, amọ̀ kò sì lè fara da omi tó òkúta. Àwọn baba wa wí pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ inú rẹ̀. Páànù tí ó jò àti gọ́tà tí ó dí ni ẹnu tí ògiri ń là. Owó kékeré tí ìjọ tàbí agboolé kan bá ń dá lọ́dọọdún láti dí i, tí ènìyàn méjì ń kà, tí a sì ń kọ sínú ìwé, yóò gba ilé là kí òjò tó dé. Kí olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ sì kọ ìtàn ilé wọnnì sílẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n nísinsìnyí. Nítorí ẹni tí kò mọ bí ilé ti rí kò lè tún un ṣe, bí owó tilẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀.