Àìsàn Tí Kì Í Ké Nínú Ara Aboyún

Títí di òní yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa gbà pé ohun tí kò bá dunni kì í ṣe àìsàn. Ní ti aboyún, ó di dandan fún wa láti sọ ọ́ gbangba pé èrò yìí ti dá ọmọ púpọ̀ padà kí wọn tó fojú kan ayé. Obìnrin lè lóyún oṣù márùn-ún, kí ó máa jẹun, kí ó máa ná ọjà, kí ó máa dúró kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, síbẹ̀ kí kòkòrò àrùn ti máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Òun kò ní í mọ̀. Agbẹ̀bí tí ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ kò ní í mọ̀. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ni ó lè tú àṣírí rẹ̀.

Irú àrùn bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni a ó mẹ́nu bà, nítorí pé ìwòsàn wọn ti wà lọ́wọ́ aráyé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, èkejì ń bẹ nínú ìtọ̀.

Èyí tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ni sífílíìsì. Àwọn kan a máa pè é mọ́ àtọ̀sí, ṣùgbọ́n àrùn ọ̀tọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbálòpọ̀ ni àwọn méjèèjì fi ń ranni. Ní ọdún 1905, ní ìlú Berlin, ni Fritz Schaudinn àti Erich Hoffmann rí kòkòrò rẹ̀, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lọ́ bí okùn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni August Wassermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde fún un. Egbò tí ó kọ́kọ́ ń dá síni lára kì í sábà dunni, ó sì lè wà ní ibi tí obìnrin kò lè fojú ara rẹ̀ rí. Láìpẹ́ egbò náà a jinná fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ní i a sì rò pé ó ti tán. Kò tán rárá. Ó lọ lúgọ ni, láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó sì ń gba ibi ọmọ kọjá sí ara ọmọ inú.

Bí a kò bá tọ́jú ìyá, ó ju ìdajì irú oyún bẹ́ẹ̀ lọ tí ìjàǹbá ń bá: oyún lè wálẹ̀, a lè bí ọmọ ní òkú, a lè bí i láìpé oṣù, tàbí kí ó wáyé pẹ̀lú àrùn náà nínú egungun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022 nìkan, aboyún bíi 1,100,000 ni ó ní àrùn yìí káàkiri ayé, ìjàǹbá tí ó sì ti ibẹ̀ dé bá oyún àti ọmọ tuntun ju 390,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ní ilẹ̀ wa, bí obìnrin bá ń bímọ léraléra tí ọmọ kò dúró, àbíkú ni a ń pè é. A kò wí pé sífílíìsì ni gbogbo àbíkú; a mọ̀ pé ibà àti àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ti kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn wá pé ilé tí ó ti náwó lórí ètùtù, tí ó ti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá arúgbó, lè máà tí ì fi ẹ̀jẹ̀ ìka kan ṣe àyẹ̀wò rí.

Ìwòsàn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ pẹnisílínì alápẹ́lára tí a ń gún sí ìdí. Òun ni ó ń wo ìyá sàn tí ó sì tún ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn oògùn míràn tí ènìyàn lè rà ní kẹ́mísì kò ṣe é fọkàn tẹ̀ fún ọmọ inú. Ó yẹ kí a ti gún un, ó kéré tán, ní 30 ọjọ́ ṣáájú ìbímọ, ìdí nìyí tí kò fi dára kí obìnrin dúró di oṣù kẹjọ kí ó tó forúkọ sílẹ̀. Ó yẹ kí a tọ́jú ọkọ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún dá a padà sí i lára. Ọkọ tí ó bá gbọ́ èsì yìí tí ó sì sọ ọ́ di ìjà kí ó mọ̀ pé kòkòrò náà lè lúgọ sára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àní láti ìgbà tí wọn kò tí ì mọ ara wọn. Èsì àyẹ̀wò kò dárúkọ ẹni tí ó kó o wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ilẹ̀ olówó nìkan ni ó lè ṣẹ́gun rẹ̀, kí ó wo Kúbà, níbi tí àwọn Lukumí, ìbátan wa, ń gbé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé Kúbà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó fòpin sí kíkó HIV àti sífílíìsì láti ara ìyá sí ara ọmọ, tí kò fi sí ju ìwọ̀nba kékeré lọ mọ́. Thailand tẹ̀ lé e ní 2016, Malaysia ní 2018, Sri Lanka ní 2019. Ohun tí wọ́n ṣe ní Kúbà kì í ṣe idán: wọ́n tètè rí aboyún, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun àti ti ọkọ rẹ̀ wò, wọ́n sì tọ́jú ẹni tí ó bá ní i. Lónìí, irinṣẹ́ àyẹ̀wò kan wà tí ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka kan ṣoṣo wo HIV àti sífílíìsì pọ̀, èsì rẹ̀ a sì jáde kí obìnrin tó dìde níbẹ̀.

Ti inú ìtọ̀ ńkọ́? Oyún a máa mú kí ìtọ̀ lọ́ra láti inú kíndìnrín sọ̀kalẹ̀, kòkòrò tí ó sì ti inú ìfun wá a rí ibi bí sí. Láàárín 2 sí 10 nínú 100 aboyún ni ó ń gbé e kiri láìsí ìrora kankan. Bí a kò bá tọ́jú wọn, bíi 20 sí 35 nínú 100 wọn ni ó lè gòkè lọ bá kíndìnrín. Nígbà náà ni òtútù yóò mú un, ara rẹ̀ yóò gbóná, ẹ̀gbẹ́ yóò máa dùn ún, ọmọ sì lè fẹ́ wá kí oṣù rẹ̀ tó pé. Àwọn ará ilé a ní ibà lásán ni, wọn a sì gbé agbo kaná.

Edward Kass, ní ìlú Boston, ni ó kọ́ni ní nǹkan bí ọdún 1956 pé kí a ka kòkòrò náà níye. Aboyún a wẹ ojú ara rẹ̀, a jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ, a sì gba ti àárín sínú ìgò mímọ́. A ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ ra ojú àwo tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, a ó sì gbé e sínú ooru tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti ara ènìyàn di ọjọ́ kejì. Bí kòkòrò bá tó 100,000 nínú mílílítà kan, àrùn ni. A ó sì dán oògùn wò sí i láti mọ èyí tí ó ń pa á. Ṣùgbọ́n ìgò tí ó bá wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán yóò purọ́, nítorí pé kòkòrò yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ fíríìjì àti iná mànàmáná ti wọ inú ọ̀rọ̀ oyún.

Ẹ̀yin olóṣèlú àti ẹ̀yin tí ń tẹ̀ lé wọn, a ti rí yín níbi tí a ti ń ṣí ilé ìtọ́jú alábọ́dé pẹ̀lú ìlù àti ijó, ọ̀dà sì tutù lára ògiri. Kò burú. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ bi àwọn alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ yín léèrè: ǹjẹ́ irinṣẹ́ àyẹ̀wò sífílíìsì wà níbẹ̀ ní oṣù yìí? Ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ pẹnisílínì náà wà? Bí wọn kò bá lè gbin kòkòrò ìtọ̀ níbẹ̀, ta ni ń gbé ìgò lọ sí ọsibítù ńlá, ní ọjọ́ wo, nínú kí ni?

Ẹ̀yin olùkọ́, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ lè ka káàdì yín fúnra yín, ẹ ṣí i wò lálẹ́ òní, kí ẹ sì bá aládùúgbò yín tí kò mọ̀wé wo tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti yẹ ìtọ̀ wò, ẹ bèèrè bóyá pépà tí a ń tì bọ inú rẹ̀ nítorí ṣúgà ni, tàbí a gbìn ín sínú àwo. Bí ààyè èsì sífílíìsì bá sì ṣófo, ẹ mú káàdì náà padà tọ nọ́ọ̀sì lọ lọ́la.