Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń gbé ìlà àárín lọ nínú fáìlì STEP?

Òṣogbo ni ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ Nigeria Machine Tools sí lọ́dún 1980. Iṣẹ́ irin kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya ẹ̀yà ẹ̀rọ, ya iṣẹ́ kan ní Iléṣà, tó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì STEP, irú èyí tí onírúurú ètò bẹ́ẹ̀ lè ṣí, sí Òṣogbo fún ẹni tó ń lo SolidWorks, ètò mìíràn, ara ẹ̀rọ náà á dé pérépéré. Àmọ́ ìlà àárín àti ojú pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń wọn ibi tí ihò wà sábà máa ń sọnù.

STEP kọ́ ló jẹ̀bi o! Ìlànà rẹ̀, ISO 10303, lè gbé wọn. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń fò wọ́n dá.

Ẹ sọ wọ́n di nǹkan gidi kí ẹ tó fi ránṣẹ́: ojú pẹrẹsẹ di abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìlà àárín di ọ̀pá tín-ín-rín. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ, kí ẹni tó ń gé irin má baà kà wọ́n mọ́ iṣẹ́. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò síbi tí òdo ìwọ̀n, ìyẹn ibi tí gbogbo ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, wà. Láti yan òdo náà nínú SolidWorks, ẹ ó rí “Output coordinate system” lábẹ́ Options kí ẹ tó tẹ Save.